Òfin Kẹsàn-án Kò Fàyè Gba Ìdọ̀bálẹ̀

Ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ Ọjọ́rú, Olúṣẹ̀san, olùkọ́ ìtàn, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, fi àyà lélẹ̀ gbalaja lórí táìlì àgọ́ ọlọ́pàá kan ní Sharjah. Kò sí ẹni tí ó lù ú ṣubú. Ọ̀gá ọlọ́pàá ni ó bi í ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, tí ògbufọ̀, ọmọ Sudan kan tí irun rẹ̀ ti funfun, sì sọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀mẹta: nígbà tí irin bà á lórí, kí ni ọkùnrin tí ó fara pa náà ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe?

Olúṣẹ̀san dáhùn pé ó ń dọ̀bálẹ̀ ni. Ògbufọ̀ gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀gá náà, ó tì. Ó ní ní ìlú tòun, Ọlọ́run nìkan ni ènìyàn ń wólẹ̀ fún. Nígbà náà ni Olúṣẹ̀san bọ́ bàtà, ó ṣí fìlà, ó ká a sínú àpò ṣòkòtò, ó sì lọ sílẹ̀.

Ọ̀gá ọlọ́pàá dìde, ó yí tábìlì ká, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní kí ó dìde, kí ó tún un ṣe, kí ó rọra ṣe é.

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Olúmidé, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, alága ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá tí ó ń gbé Dubai àti Sharjah, wà ní ilé ìwòsàn láti ọ̀sán Jímọ̀. Agbárí rẹ̀ là, kò sì tíì lajú. Sùnmọ́nù, igbá-kejì rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, wà ní àtìmọ́lé ní ẹ̀yìn ògiri yàrá náà gan-an. Sùnmọ́nù kò sẹ́ pé òun ni òun lù ú. Ohun tí ó sọ ni pé Olúmidé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú irin tí ó wà nílẹ̀, òun sì tètè lù ú kí ó tó lu òun. Bí ó bá jẹ́ irin ni Olúmidé fẹ́ mú, Sùnmọ́nù gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ikú ni. Bí ó bá jẹ́ ìdọ̀bálẹ̀ ni, orí ẹni tí ó ń tọrọ àforíjì ni ó fọ́, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè gùn ju ọjọ́ tí ó ṣẹ́kù fún un láyé lọ. Gbogbo àwọn tí ó wà níbi ìjà náà ti sá. Olúṣẹ̀san nìkan ni kò sá. Ẹ̀gbọ́n ni Sùnmọ́nù jẹ́ sí i, àbúrò ni Olúmidé. Òun náà sì ni ó kọ òfin tí ó gbé wọn dé ibẹ̀.

Oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Satwa, ní Dubai. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, Kristẹni wà níbẹ̀: àwọn tí ó ń ra ọjà ní Deira lọ sí Èkó, àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ní Marina, àti àwọn tí ó ń to ẹrù ní Jebel Ali. Wọn kò gba ìwé lọ́wọ́ ìjọba, nítorí náà wọn kò gbé pátákó sókè, wọn kì í sì í pariwo. Wọ́n ní kí olùkọ́ bá àwọn kọ òfin. Olúṣẹ̀san ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí ó ń lo ìwé Amẹ́ríkà, ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ó sì ń kọ́ wọn ní ìtàn ìgbà tí Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ di orílẹ̀-èdè tí kò ní ọba. Ìwé náà ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì nígbà tí ó jókòó ti òfin ẹgbẹ́. Ohun tí ó wà nítòsí ni ọwọ́ ń mú.

Òfin méjì ni ó mú jáde láti inú rẹ̀. Òfin kejì ní ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ni alága, ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e ni igbá-kejì, kí ẹnikẹ́ni má baà lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀. Òfin kẹsàn-án ní ọwọ́ ni kí gbogbo ènìyàn máa bọ ara wọn nínú ìpàdé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kúnlẹ̀, kí ọjọ́ orí má baà dìbò. Ìwé rẹ̀ sọ pé ààrẹ kẹta àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó fi ọwọ́ bíbọ̀ rọ́pò orí títẹ̀ba, láti fi hàn pé ọba ti tán. Èyí wu Olúṣẹ̀san púpọ̀. Nígbà tí ó kà á sí wọn létí, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ó mọ ìyókù ìtàn náà, nítorí òun ni ó ń kọ́ni. Ó mọ̀ pé òfin ipò kejì so ọ̀tá mọ́ ọ̀tá nínú ìjọba kan náà. Pé nínú ìdìbò ọdún 1800, ìbò ẹni méjì dọ́gba, àwọn aṣòfin sì dìbò lẹ́ẹ̀mẹrìndínlógójì kí wọ́n tó rí ọ̀kan mú. Pé wọ́n pa òfin náà tì ní 1804, àti pé ní ọdún kan náà, igbá-kejì ààrẹ tí ó wà lórí oyè yìnbọn fún ẹni tí ó ti jẹ́ olórí ìṣúná, ọkùnrin náà sì kú ní ọjọ́ kejì. Ó mọ gbogbo rẹ̀. Ó kàn rò pé tàwọn yóò yàtọ̀ ni. Ó rò pé àgbà ni yóò wọlé, àbúrò ni yóò ṣe ipò kejì, àbúrò yóò sì máa gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n bí ó ti ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀, kí òfin wà tàbí kó má wà.

Ẹ̀gbọ́n Sùnmọ́nù ni gbogbo wọn ní lọ́kàn. Ó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún ní Sharjah, ó ń kó táyà àlòkù ránṣẹ́ sílé. Òun ni ó lọ pàdé Olúṣẹ̀san ní pápákọ̀ òfurufú nígbà tí ó dé. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó lọ pàdé Olúmidé, ó sì fún un ní bedspace, àyè ibùsùn kan nínú yàrá, fún oṣù méje láìgba nǹkan kan. Olúmidé a máa dọ̀bálẹ̀ fún un lójú pópó Satwa, níwájú àwọn télọ̀ ará Pakistan, tí wọn a dá iṣẹ́ dúró láti wò ó. Sùnmọ́nù a rẹ́rìn-ín, a ní, “Dìde, àbúrò mi, dìde. O ò ní ṣẹ́ẹ̀tì méjì.”

Ṣùgbọ́n Olúmidé mọ ọ̀rọ̀ sọ, àwọn ọ̀dọ́ Jebel Ali sì pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, ó ní mọ́kànlélọ́gọ́ta, Sùnmọ́nù ní méjìdínlọ́gọ́ta. Olúmidé kọjá láàrin àga lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń tẹ̀, orúnkún rẹ̀ ti rọ̀, nígbà tí Láńre, ọ̀rẹ́ rẹ̀, sọ láti ẹ̀yìn pé, “Alága, òfin kẹsàn-án o.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Olúmidé dúró bí ó ti tẹ̀ náà, ó yíjú sí olùkọ́ tí ó kọ òfin. Olúṣẹ̀san mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Olúmidé nàró, ó sì na ọwọ́.

Sùnmọ́nù wo ọwọ́ náà pẹ́ kí ó tó bọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà, Olúmidé kò dọ̀bálẹ̀ fún un mọ́, ì báà jẹ́ nínú ìpàdé, ì báà jẹ́ lójú pópó. Kò pè é ní ẹ̀gbọ́n mọ́ pẹ̀lú. “Igbá-kejì” ni ó ń pè é.

Oṣù kejì lẹ́yìn ìdìbò ni ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ ta sílẹ̀. Ìpàdé ń lọ lọ́wọ́ ní Satwa, àga sì tán. Láńre na ìka sí Sùnmọ́nù, ó ní, “Igbá-kejì, ẹ bá wa gbé àga yẹn wá kí ẹ tó jókòó.” Ẹni tí ó lè bí i lọ́mọ ni ó ń rán ní àga. Rasheed, ọmọ ẹ̀gbọ́n Sùnmọ́nù lóbìnrin, dìde. Fílásìkì tíì ni ó gbé, ó sì gbá a mọ́ Láńre lẹ́nu. Eyín méjì já bọ́ sórí rọ́ọ̀gì. Láńre fa ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń la páálí yọ nínú àpò, ó la àtẹ́lẹwọ́ Rasheed láti ìdí àtàǹpàkò dé ọrùn ọwọ́. Nígbà tí wọ́n fi là wọ́n, ẹ̀jẹ̀ ti dé ara ògiri.

Ẹnikẹ́ni kò lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí ilé ìwòsàn yóò béèrè, ìdáhùn yóò sì dé etí ọlọ́pàá, wọn yóò sì kó gbogbo wọn padà sílé. Dárasími, ìyàwó Olúmidé, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ni ó rán ọwọ́ Rasheed lórí tábìlì ilé ìdáná. Bí ó ti ń fa òwú ni ó ń bú ọkọ rẹ̀ lábẹ́ ohùn pé kí ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà kí ọ̀rọ̀ tó di òkú. Olúmidé ní òfin kò gbà. Dárasími wo Olúṣẹ̀san, tí ó di àwo omi gbígbóná mú, ó sì gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Olúmidé fi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ilẹ̀ kún ilẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ mọ sí yàrá kan ní Satwa. Kí ó dé Sharjah, kí ó dé Ajman, kí ó dé ibi gbogbo tí Yorùbá bá wà. Ilé ìkẹ́rùsí kan wà ní agbègbè iléeṣẹ́ ní Sharjah tí Sùnmọ́nù àtàwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń lò fún ọdún mọ́kànlá. Táyà wà lẹ́yìn, ẹní wà níwájú. Ibẹ̀ ni wọ́n ń jẹun lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọmọ mẹ́rin lórúkọ. Wọn kò ní ìwé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu onílé àtijọ́ ni wọ́n ní, onílé náà sì ti kú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Olúmidé àti Olúṣẹ̀san jọ wọ metro, ọkọ̀ ojú irin ìlú, láti Jebel Ali. Olúmidé bi í pé kí ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí ó fẹ́ràn ìtàn. Olúṣẹ̀san sọ fún un bí Amẹ́ríkà ṣe ra ilẹ̀ ní 1803 tí orílẹ̀-èdè náà fi fẹ̀ ní ìlọ́po méjì nípasẹ̀ ìwé kan ṣoṣo.

“Ta ni wọ́n rà á lọ́wọ́ rẹ̀?” ni Olúmidé béèrè.

“Faransé.”

“Faransé ló ń gbé ibẹ̀?”

“Díẹ̀. Àwọn onílẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé.”

“Wọ́n bi wọ́n kí wọ́n tó tà á?”

“Wọn ò bi wọ́n.”

Olúmidé rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹni tó níwèé ló nilẹ̀ nìyẹn, tíṣà.”

Olúṣẹ̀san náà rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ sọ fún un pé ìwé kò tó, pé ìbọn ni wọ́n fi parí ohun tí ìwé bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi lé àwọn onílẹ̀ náà, àgbà àti ọmọdé, tí òkú wọn ń sùn lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti dé ibùdókọ̀ rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Olúmidé ti tọwọ́ bọ ìwé pẹ̀lú aṣojú àwọn ọmọ onílé. Ilé ìkẹ́rùsí ti di ti ẹgbẹ́.

Ó pe Olúṣẹ̀san pé kí ó bá àwọn lọ ní Jímọ̀, kí ó lọ ka òfin, kí ọ̀rọ̀ má baà di ìjà. Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Oòrùn ń jó ilẹ̀. Ènìyàn mẹ́fà ni Olúmidé kó lẹ́yìn, pẹ̀lú pákó àti àgádágodo tuntun. Láńre ti tan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin, ó ń gé àgádágodo àtijọ́, nígbà tí Rasheed àti àwọn mẹ́jọ mìíràn dé láti mọ́ṣáláṣí.

Rasheed ní kí ó pa ẹ̀rọ náà. Láńre ní kí ó lọ bi alága. Rasheed ju ìdajì bíríkì. Ó bà á ní egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Láńre yí padà pẹ̀lú ẹ̀rọ náà lọ́wọ́, abẹ rẹ̀ ṣì ń yí, ó sì fi gbá a léjìká. Aṣọ ya, ẹran ya, ẹ̀jẹ̀ fọ́n sí ojú àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti ibẹ̀, kò sí ẹni tí ó tún gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi pákó lu ara wọn títí pákó fi ṣẹ́, wọ́n sì fi èyí tí ó ṣẹ́ gún ara wọn. Ẹnìkan gbé ríìmù ọkọ̀ lu ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, orúnkún náà sì yí sẹ́yìn. Garawa òróró ẹ́ńjìnnì dànù lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń yọ̀ ṣubú nínú rẹ̀, ẹni tí ó bá ṣubú ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Olúṣẹ̀san dúró láàrin wọn, ó ń pariwo òfin kẹrin, tí ó ní kí ọmọ ẹgbẹ́ má gbé ọwọ́ sókè sí ọmọ ẹgbẹ́. Ìgbátí kan gbá gíláàsì ojú rẹ̀ sọnù. Ó gbọ́ tí bàtà fọ́ ọ.

Sùnmọ́nù jáde láti ẹ̀yìn táyà, ó di ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń yọ táyà mú. Ẹni àkọ́kọ́ tí ó pàdé gbé apá bojú. Irin bà á ní apá, apá náà sì kán bí igi gbígbẹ. Ó lu ẹnì kejì ní ìhà. Àwọn ará Jebel Ali já ẹrù wọn sílẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Láńre náà sá. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà nílẹ̀, irin kan tí ó jọ ti Sùnmọ́nù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olúmidé nìkan ni ó dúró.

“Ọwọ́ mi ni mo fi gbé àpò rẹ láti pápákọ̀,” ni Sùnmọ́nù wí. “O wá rà mí mọ́ ilé. Ikú yá ju ẹ̀sín, Olúmidé.”

Olúmidé ní, “Ẹ̀gbọ́n.”

Oṣù mẹ́tàlá nìyẹn tí kò ti pè é bẹ́ẹ̀. Olúṣẹ̀san wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, ojú rẹ̀ sì ti di ìkùukùu nítorí gíláàsì tí ó fọ́. Ó rí i tí Olúmidé ṣí fìlà, tí ó ká a, tí ó fi í sínú àpò. Ó rí i tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀. Irin sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìró rẹ̀ kò le.

Àwọn tí ó kù sá, Rasheed pẹ̀lú wọn. Olúṣẹ̀san bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi di orí Olúmidé, aṣọ náà sì wúwo ní ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó kà dé ogún. Sùnmọ́nù jókòó lórí táyà, ó gbé irin lé itan, ó ń retí ọlọ́pàá. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó sọ: irin ni ọmọ náà fẹ́ mú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ó ń bẹ ẹnìkan pé kí ó gba òun gbọ́.

Ní ọjọ́ mẹ́rin tí ó tẹ̀ lé e, ìhà méjèèjì ránṣẹ́ sí olùkọ́. Rasheed pè é láti ibi tí ó fara pa mọ́ sí, ó ní ẹni tí ó bá fẹ́ jà náà ń ṣí fìlà, kí ó rántí ẹni tí ó gbé e láti pápákọ̀. Dárasími kò bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan kan. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá tí ọkọ rẹ̀ wà, ó ní ní òwúrọ̀ Jímọ̀ òun ti sọ fún un pé kí ó dọ̀bálẹ̀, kò dáhùn, òun kò sì mọ̀ bóyá ó gbọ́.

Gbogbo èyí ni Olúṣẹ̀san ní lọ́kàn nígbà tí ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ní àgọ́ ọlọ́pàá, tí ó rọra ṣe é bí wọ́n ti ní kí ó ṣe. Ọ̀gá náà bẹ̀rẹ̀ tì í. Nípasẹ̀ ògbufọ̀, ó bi í: ṣé ó rí ọwọ́ Olúmidé?

Olúṣẹ̀san lè sọ pé òun rí i. Ẹnu rẹ̀ ti là. Ó ní, “Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí, àti fìlà. Mi ò rí ọwọ́ rẹ̀.”

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ṣí ní àkókò náà. Ọlọ́pàá kan ń mú Sùnmọ́nù kọjá lọ sí ibi tí wọn yóò ti tẹ ìka rẹ̀. Sùnmọ́nù rí ọkùnrin tí ó na gbalaja nílẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ó sì tó mọ ẹni tí ó jẹ́, ẹnu rẹ̀ ti sọ ohun tí ó mọ́ ọn lára: “Dìde, àbúrò mi, dìde.”

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tí ó wà lórí táìlì.

“Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe é?” ni ó béèrè.

“Ẹ̀yin lẹ dojú kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n,” ni Olúṣẹ̀san dáhùn láti ilẹ̀. “Kí lẹ rí?”

Sùnmọ́nù gbé ojú kúrò nílẹ̀. “Irin wà nílẹ̀,” ni ó sọ. Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀: “Irin ṣáà wà nílẹ̀.” Ọlọ́pàá ní khalas, pé ó tó, ó sì fà á lọ.

Lẹ́nu ọ̀nà, ògbufọ̀ sọ fún Olúṣẹ̀san pé ṣọ́ọ̀bù tí ó dojú kọ ilé ìkẹ́rùsí náà ní kámẹ́rà, àwọn ọlọ́pàá sì ti gbé àwòrán rẹ̀ lọ láti Àbámẹ́ta. Eruku bò ó, ṣùgbọ́n Olúmidé hàn nínú rẹ̀ láti ìbàdí sókè, títí tí ó fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n ń wo àwòrán náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá ọwọ́ rẹ̀ là sílẹ̀ tàbí ó di nǹkan mú. Títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, wọn kò tíì fi ìdí ọ̀kan múlẹ̀.